Ọmọ Tí Yóò Jẹ́ Àṣàmú: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wá Ọmọ Olóye ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹnu ìyá kan ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìyá náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ẹni tí ó ti pẹ́ ní Maiduguri, pàdé mi ní Old GRA, lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi dóńgóyárò tí ó ṣíji bo ọ̀nà. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa tán, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ ọmọ mi ní kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àwọn ọmọ olóye, èyí tí wọ́n fi ń mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Suleja. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún ọmọ náà, ẹkún ni ó bú sí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun, ọmọ Kanuri tí ogun lé wá láti Bama, ni ó ń kọ́ òun ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ni ọmọ yẹn sì máa ń wà ní kíláàsì, nítorí pé kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Bàbá, nínú àwọn ọmọ méjèèjì, èwo ni olóye?”

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ rò ó. Nígbà tí mo sì délé, mo rí i pé ìbéèrè náà ti dàgbà ju ìyá náà lọ, ó sì dàgbà ju èmi náà lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn aláṣẹ ti ń gbìyànjú àti dáhùn rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìtàn ìgbìyànjú náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn baba wa ní, ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ kan ń ṣẹnu ṣámúṣámú, ó di dandan kí ẹnìkan wà nítòsí, kí onítọ̀hún gbọ́ èdè tí ọmọ náà ń fọ̀, kí ó sì ní sùúrù láti tẹ́tí sí i. Ní agbo ilé àwọn onílù tàbí ti àwọn agbẹ́gilére láyé àtijọ́, ìṣòro yìí kò sí. Gbogbo ọmọ ilé ni ó ń fọwọ́ kan ọ̀pá ìlù. Gbogbo wọn ni ó ń ṣa èèpá igi lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù, àgbà a rí i, a sì fi iṣẹ́ tó le jù lé e lọ́wọ́. Ní Borno níhìn-ín pàápàá, kí òyìnbó tó dé ni àwọn ọmọ ti ń jókòó yí olùkọ́ ká láti kọ́ Kùránì, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n sórí délẹ̀, wọn a pè é ní Goni. Kò sí ẹni tí ó ń fi ìdánwò ọjọ́ kan yan Goni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni olùkọ́ fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu.

Ní ọdún 1907 ni Shehu Abubakar Garbai kó ààfin rẹ̀ wá sí Yerwa, tí àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ náà sì fi ibí yìí ṣe ibùjókòó ìjọba wọn fún ẹkùn Borno. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn níbi gbogbo, wọ́n ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí àárín wọn àti ará ìlú má baà sún mọ́ra jù. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní GRA títí di òní. Láti inú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu pé ọmọ mélòó ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àti pé ọmọ ta ni.

Ọmọ tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀. Akọ̀wé díẹ̀, olùkọ́ díẹ̀, àti ọmọ ìjòyè díẹ̀ tí yóò bá wọn ṣe ìjọba. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní olú-ìlú ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ní Katsina ní ọdún 1922, kí àwọn tí wọ́n bá ṣà nínú àwọn àṣàyàn lè lọ síbẹ̀. A lè sọ pé èyí ni ètò àkọ́kọ́ fún ọmọ olóye ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Àríwá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin kankan nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1922 yìí kan náà ni ọmọ Yerwa kan tí ń jẹ́ Kashim Ibrahim, tí a bí ní ọdún 1910, wọ ilé-ẹ̀kọ́ ẹkùn Borno lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-kéwú. Ní ọdún 1925 wọ́n mú un lọ sí Katsina. Ní ọdún 1929 ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Maiduguri níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí. Ní ọdún 1928, àwọn mẹ́ta kan wà ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina pọ̀: Ahmadu Bello, tí ó di olórí ìjọba Àríwá, Abubakar Tafawa Balewa, tí ó di olórí ìjọba gbogbo Nàìjíríà, àti Kashim Ibrahim, tí ó di Gómìnà Àríwá ní ọdún 1962, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga náà. Ọgbà kan ṣoṣo ni ó kó wọn jọ.

Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ṣíṣa ọmọ dára: ẹ wo bí ojú òyìnbó ṣe mọ olóye tó! Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọgbà kan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kò sí ibòmíràn tí olórí ti lè jáde. Àwa mọ àwọn tí ó wọlé. Àwọn tí kò wọlé ńkọ́, àwọn ọmọkùnrin Gwoza àti Monguno tí ẹnikẹ́ni kò pè, àti gbogbo àwọn ọmọbìnrin? Ìtàn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Kashim Ibrahim fúnra rẹ̀ dàbí ẹni tí ó mọ èyí. Iṣẹ́ tí ó ṣe kí ó tó di ẹni ńlá ni pé ó kọ àwọn ìwé kíkà àti ìwé ìṣirò ní èdè Kanuri fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ní ìwé ìṣirò ní èdè Kanuri! Ọkùnrin tí wọ́n ṣà láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ padà wá kọ ìwé kí àwọn tí wọn kò ṣà lè mọ ìṣirò ní èdè ìyá wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà síbẹ̀.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó ń wá olóye kiri nígbà náà. Ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan láti fi mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń le fún, kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ìdánwò náà dé Amẹ́ríkà, wọ́n yí i padà di ohun tí a fi ń wá àwọn tí ọpọlọ wọn pé jù. Láti ọdún 1921, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stanford, Lewis Terman, fi irú rẹ̀ ṣa àwọn ọmọ tí ó lé ní 1,500 ní Kalifóníà, wọ́n sì ń tọpa wọn títí tí wọ́n fi dàgbà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa láyé. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì kan tí wọ́n dán wò, tí wọ́n sì ní máàkì wọn kò tó, ni William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ọdún 1956, Alvarez gba tirẹ̀ ní ọdún 1968. Nínú àwọn tí wọ́n ṣà, kò sí ẹnì kan tí ó gbà á. Bí ìdánwò ṣe lè fojú fo olóye dá nìyẹn, nílùú tí ọmọ àti olùdánwò jọ ń sọ èdè kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a yà sílé díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lé díẹ̀ ní 450,000. Ní ọdún 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú nígbà náà pé èrò ti pọ̀ jù, pé ẹ̀kọ́ yóò bàjẹ́. Lóòótọ́, kò rọrùn: àwọn olùkọ́ kò tó, wọ́n sì ń kọ́ ilé kíláàsì nígbà tí àwọn ọmọ ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìran dókítà, amòfin àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó tẹ̀ lé e, láti inú ilé àgbẹ̀ àti ilé aláró, ẹnikẹ́ni kò lè fi ìdánwò ṣà wọ́n ní ọdún 1954. Wọn kò tíì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni ti Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọ́n ta wọ́n yọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì gbẹ́yìn. Ó fara hàn pé díẹ̀ nínú ohun tí a ń pè ní agọ̀ ọmọ, agọ̀ èdè ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ètò tí ìyá náà ń bi mí léèrè gan-an. Ní ọdún 1966 ni ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíráńmà mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀, ní Sókótó, ní Warri àti ní Okposi, kí àwọn ọmọ láti ẹ̀yà gbogbo lè jọ kàwé. Wọ́n fi wọ́n kún King's College àti Queen's College tó ti wà ní Èkó, wọ́n sì ń pọ̀ sí i títí tí Maiduguri náà fi ní tirẹ̀. Ní ọdún 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ẹ̀bùn wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kí wọ́n lè máa rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tiwọn. Ní ọdún 1977 yìí kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Dawakin Kudu àti Dawakin Tofa, wọ́n sì ṣa ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba káàkiri kí ìpínlẹ̀ náà lè ní dókítà àti ẹnjiníà ti ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé kò di ilé títí di àsìkò Ọ̀jọ̀gbọ́n Jibril Aminu. Ẹni tiwa ni, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1980 sí 1985 òun ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Maiduguri. Láti ibí ni wọ́n ti mú un lọ ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọdún 1986, ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olóye, láti inú rẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Suleja ti jáde, níbi tí a ń kó àwọn ọmọ tí a ṣà láti ìpínlẹ̀ gbogbo lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í so pọ̀ mọ́ èyí ni pé láti ọ́fíìsì mínísítà kan náà ni ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ darandaran ti jáde, èyí tí ó di òfin ní oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ní ọwọ́ kan, ẹ wá àwọn tí ó mọ̀wé jù. Ní ọwọ́ kejì, ẹ tẹ̀ lé àwọn tí kò rí ìwé rí, àní bí wọ́n bá ń bá màlúù rìn. Èmi gbà pé ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìṣòro wa láti ìgbà náà ni pé ọwọ́ kan ni a sábà máa ń rántí. Àwọn òbí ń du Suleja, wọ́n ń san owó fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nítorí rẹ̀. Ta ni ó ń du ilé-ẹ̀kọ́ inú igbó?

Àbájáde rẹ̀ hàn kedere ní ọdún 2013, nígbà tí ìwé ìròyìn gbé máàkì tí ọmọ ní láti ní jáde kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíráńmà ìjọba àpapọ̀. Ọmọ Anambra ní láti gba 139, ọmọ Èkó 133. Ọmọ Borno, 45. Ní Yobe, ọmọbìnrin ní láti gba 27, ọmọkùnrin sì ní láti gba 2. Ìbínú ru sókè. Àwọn ará Gúúsù ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ olóye tiwọn. Mo sì mọ ohun tí ó ń dun òbí tí ọmọ rẹ̀ gba 130 tí wọn kò mú un. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi 2 yẹn ṣẹ̀fẹ̀ kò béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ṣé Ẹlẹ́dàá ni ó pín ọpọlọ 139 fún Anambra tí ó sì pín 2 fún Yobe? Rárá o. Ohun tí ìdánwò náà wọ̀n ni iye ọdún tí olùkọ́ fi wà níwájú ọmọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, olùkọ́ náà kò tilẹ̀ sí mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Boko Haram wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíráńmà ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi lóru, wọ́n sì pa àwọn ọmọkùnrin nínú ibùsùn wọn. Ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ márùn-ún ní agbègbè yìí, ti Maiduguri náà wà lára wọn, wọ́n sì fọ́n àwọn ọmọ ká sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò ìparí. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, UNICEF kà á pé láti ọdún 2009, olùkọ́ 2,295 ni a ti pa ní Àríwá-Ìlà-Oòrùn, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400 ni a sì ti bàjẹ́. Ẹ ro iye Àṣàmú tí ó wà nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kan kò tì. Ní ọdún 2007, agbẹjọ́rò kan ní Maiduguri, Zannah Mustapha, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ọmọ òrukàn 36. Nígbà tí ogun le, ọmọ ṣọ́jà tí wọ́n pa àti ọmọ agbésùnmọ̀mí tí wọ́n pa jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀. Àjọ àwọn asásálà lágbàáyé fi ẹ̀bùn Nansen dá a lọ́lá ní ọdún 2017. Kò ṣa ọmọ olóye. Ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni ni ó ṣà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n kò sọ pé kí a ti Suleja pa. Ọmọ tí ó bá yára ní ẹ̀tọ́ sí olùkọ́ tí yóò bá a sáré. Ìyà ni kí ọmọ máa jókòó gbọ́ ohun tí ó ti mọ̀ láti èṣí. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ìdánwò kò lè rí ọmọ tí a kò tíì kọ́. Àwọn igi dóńgóyárò wọ̀nyí, ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin hóró wọn sí Maiduguri. Wọn kò jókòó yẹ hóró wò pé èwo ni yóò ga. Wọ́n gbìn wọ́n, wọ́n bomi rin wọ́n, òjìji wọn ni a sì ń gbádùn lónìí.

Mo padà lọ bá ìyá náà. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìdánwò náà. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yege. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olùkọ́ wọn, kí ó wá ẹni tí ó gbọ́ Kanuri, kí onítọ̀hún ka ìbéèrè ìṣirò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí ní èdè ìyá rẹ̀, kí a wo ohun tí yóò ṣe.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ò dá mi lóhùn èwo ni olóye.” Mo ní, “Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ bá olùkọ́.”

Ó lọ. Olùkọ́ náà gbà, ó sì ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò wá ka ìbéèrè náà ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a kò tíì mọ ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Bama, ẹnìkan yóò jókòó ti ọmọ náà láti gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí ilé ó tura.